Láptọ́ọ̀pù bàbá mi, Linux, àti bátìrì kékeré kan

Mo ń kọ eléyìí sílẹ̀ kí n má baà gbàgbé, àti nítorí ẹni tó bá ní láptọ́ọ̀pù àtijọ́ nílé tí wọ́n ti sọ fún un pé kó lọ tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù. Friday di Monday ni iṣẹ́ ọ̀hún gbà mí, nílé wa ní Òkè Àró, Àkúrẹ́, iná ń lọ ó ń bọ̀, ìyẹn sì wà lára ìtàn náà gan-an, ẹ máa rí i.

Bàbá mi ló ni láptọ́ọ̀pù yẹn. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n, wọ́n ní oko kòkó lọ́nà Ìdànrè, gbogbo ìṣirò oko náà inú láptọ́ọ̀pù yìí ló wà: iye kílò tí wọ́n wọ̀n, iye tí wọ́n tà á, owó àwọn tó bá wọn fọ́ kòkó, ta ló jẹ gbèsè, ta ló ti san. Core i5 jẹnẹréṣọ̀n kẹta ni, ìyẹn ti nǹkan bíi 2012, RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń gbé iṣẹ́ sí nígbà tó bá ń ṣe é lọ́wọ́) 4GB, hard disk 320GB, àwọn tó ń yí nínú yẹn. Bátìrì ńlá ẹ̀ ti kú tipẹ́, tí ẹ bá yọ ṣajá pẹ́nrẹ́n, ó ti kú nìyẹn. Windows 10 ló wà lórí ẹ̀, tí ẹ bá tàn án ẹ lè lọ ra búrẹ́dì kẹ́ ẹ padà dé kó tó ṣetán. Microsoft sì ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró ní October 14, 2025, Windows 11 ní tiẹ̀ ń béèrè TPM 2.0 (ṣíìpù ààbò kan) àti Intel jẹnẹréṣọ̀n kẹjọ sókè, èyí ò sún mọ́ ọn rárá. Bàbá ò fẹ́ ra tuntun. "Kí ló ṣe eléyìí?" ni wọ́n ń bi mí. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é lóòótọ́, kíbọ́ọ̀dù ẹ̀ ṣì dáa ju ti èmi lọ. Mo bá pinnu láti fi Linux, ètò míì tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, rọ́pò Windows tó wà lórí ẹ̀.

FRIDAY ALẸ́

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun mo kọ́kọ́ kó fáìlì bàbá jáde. Mo fi fláàṣì Linux tí mo ní tẹ́lẹ̀ tan ẹ̀rọ náà láìtíì fi nǹkan kan sí i, mo fẹ́ ṣí dírááfù Windows, ó ní òun ò ṣí: "Windows is hibernated, refused to mount". Tí ẹ bá rí eléyìí ẹ má fipá mú un o. Tí ẹ bá tẹ Shut down lórí Windows 10, kì í sábà kú tán, ó máa ń tọ́jú apá kan sórí dísíìkì kó lè tètè dìde lọ́la, wọ́n ń pè é ní Fast Startup. Mo padà sínú Windows, mo di bọ́tìnnì Shift mú kí n tó tẹ Shut down, ìyẹn ló mú un kú dáadáa, mo wá padà wá, ó ṣí.

Bí mo ṣe ń kó fáìlì ni mo rí i pé àwọn kan nínú ìwé kòkó yẹn, January 2012 ló wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ ìkórè ọdún tó kọjá ló wà nínú ẹ̀. Mo bi bàbá. Wọ́n ní, "Déètì ẹ̀ kì í dúró. Tí iná bá lọ tó pẹ́ díẹ̀, èmi ni mo máa ń fọwọ́ tún un ṣe, ìgbà míì mo máa ń gbàgbé." Mo ní ẹ ṣé sà, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Mo tún ṣí Disks, mo wo SMART hard disk yẹn, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí dísíìkì ń tọ́jú nípa ìlera ara ẹ̀. Ibi tí wọ́n kọ Current Pending Sector Count sí, 24 ló wà níbẹ̀. Ó yẹ kó jẹ́ 0. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ojú ibì kan wà lórí dísíìkì náà tí ẹ̀rọ ti gbìyànjú láti kà tí kò rí kà. Mo sọ fún bàbá pé dísíìkì yìí ò gbọdọ̀ padà sínú láptọ́ọ̀pù o, wọ́n gbà.

SATURDAY

Èmi àti àbúrò mi lọ sí gate FUTA, a ra SSD 240GB (dísíìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú) àti RAM 4GB míì. DDR3L ni RAM tá a rà, ó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú 1.35V ó sì tún lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú 1.5V, ẹ̀rọ ayé ìgbà yẹn gbà á. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta DDR4 fún yín, kò ní wọlé, ibi tí wọ́n gé sára ẹ̀ yàtọ̀.

Linux Mint 22 Xfce ni mo yàn: Mint ni irú Linux náà, Xfce ni ojú iṣẹ́ ẹ̀ tó fúyẹ́. Wọ́n ní RAM 2GB ló kéré jù, 4GB ló dáa, a sì ti ní 8GB báyìí. Orí Ubuntu 24.04 ni wọ́n kọ́ ọ lé, wọ́n á máa tọ́jú ẹ̀ títí di 2029. Mo mọ àwọn tó máa sọ pé ẹ fi èyí tó fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ sí i, ṣùgbọ́n bàbá tó ti lo Windows láti ọjọ́ yìí, ó yẹ kí wọ́n bá bọ́tìnnì Menu níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, lápá òsì nísàlẹ̀. Xfce ṣe ìyẹn láìní wàhálà.

Fáìlì ISO náà, èyí tí gbogbo Mint wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ń kọ sórí fláàṣì, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3GB, láti alẹ́ Friday ni mo ti fi hotspot fóònù fà á mọ́jú. Ó parí, mo ṣe sha256sum, òfin tó ń fi nọ́mbà yẹ̀ ẹ́ wò bóyá fáìlì pé, nọ́mbà tó gbé jáde kò bá ti ojú ìwé wọn mu. Nẹ́tíwọọ̀kì ti já láàárín kan. Àbúrò mi ní, "Bọ̀dá, ṣebí ó ti pé, ẹ jẹ́ ká lò ó." Mo kọ̀. Fáìlì tó bà jẹ́ lè tàn dáadáa, kó wá kú sí ìdajì ìfisórí (install), ẹ̀yin á sì máa rò pé láptọ́ọ̀pù ló bà jẹ́. Mo fà á lẹ́ẹ̀kejì, nọ́mbà bára mu.

Mo tú ìdí láptọ́ọ̀pù, mo yọ dísíìkì àtijọ́, mo fi SSD sí i, mo fi RAM kún un. Mo wọ BIOS (ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń kọ́kọ́ jí tẹ́ ẹ bá tan ẹ̀rọ) pẹ̀lú F2, mo rí i pé Legacy, ọ̀nà àtijọ́ tí ẹ̀rọ fi ń wá dísíìkì, ni Boot Mode, mo yí i sí UEFI, ọ̀nà tuntun, mo tẹ F10 láti fi pamọ́, mo tan fláàṣì, mo ní kó lo gbogbo dísíìkì. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó wọlé kíá, bàbá ń wò ó, wọ́n ní "Ẹ̀n-ẹ́n!" Inú mi dùn gan-an. Mo kó fáìlì wọn sí i, mo pa á, iná lọ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, a sùn.

SUNDAY

A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, bàbá tàn án. Ojú sikirini dúdú, lẹ́tà funfun: No bootable device.

Bàbá ò bínú, wọ́n kàn ní, "Windows yẹn, ó ń falẹ̀ o, àmọ́ kì í ṣe báyìí rí." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára nítorí òótọ́ ni.

Mo ronú pé ìfisórí ni kò dáa. Mo tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀: F2, UEFI, F10, fláàṣì, pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, fi sí i. Nígbà tí mo dé BIOS mo rí i pé Legacy ló tún wà, mo kàn rò pé bóyá mi ò tẹ F10 dáadáa lánàá. Ó ṣiṣẹ́. Mo tún un bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láti dán an wò, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wọlé. Mo pa á, a lọ jẹun, iná lọ, ó tó wákàtí mẹ́ta kó tó dé. Mo tàn án. No bootable device.

Ibí yìí ni mo ti dáwọ́ dúró, mo mú ìwé àti bírò. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka eléyìí mú lọ nìyí: tí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ tí kò bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú sikirini. Torí pé ẹnìkan kọ́ ló ń gbé e dìde, bí ìgbà tí wọ́n ń gbé ẹrù láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni. BIOS tàbí UEFI, èyí tó wà nínú bọ́ọ̀dù, ló kọ́kọ́ jí, òun ló ń wá dísíìkì. Tó bá rí i, á gbé e fún GRUB, ètò kékeré tó ń yan Linux tó máa dìde. GRUB á gbé kernel (ọkàn Linux fúnra ẹ̀) àti initrd (àpò irinṣẹ́ kékeré tí kernel fi ń ṣí dísíìkì) sínú RAM. Kernel á wá dísíìkì gidi, á ṣí i, á sì gbé e fún systemd, òun ló máa tan gbogbo nǹkan yòókù títí dé ibi tẹ́ ẹ ti máa tẹ pásíwọ́ọ̀dù. Olúkúlùkù wọn ló ní bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí "grub rescue>", ẹ̀rọ ti rí dísíìkì, GRUB ló ń wá ìyókù ara ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí "(initramfs)", GRUB ti ṣe tiẹ̀, dísíìkì tó yẹ kó ṣí ni kò ṣí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé fsck, àyẹ̀wò àti àtúnṣe dísíìkì, ló ń fẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí "emergency mode", ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀, ẹ lọ wo /etc/fstab, àkójọ àwọn dísíìkì tó yẹ kó ṣí. Ṣùgbọ́n "No bootable device"? BIOS ló ń sọ̀rọ̀. Linux ò tíì dá sí ọ̀rọ̀ náà rárá. Kí wá ni mo ń fi Linux sí i lẹ́ẹ̀mejì fún?

Mo fi fláàṣì tàn án, lọ́tẹ̀ yìí mi ò yí nǹkan kan padà ní BIOS. Mo ṣí terminal, ibi tí wọ́n ti ń tẹ òfin fún Linux, mo tẹ:

ls /sys/firmware/efi

Ó ní "No such file or directory". Ìyẹn ni pé ọ̀nà Legacy ni mo gbà wọlé. Mo tẹ lsblk láti wo dísíìkì, gbogbo pátísọ̀n (àwọn ibi tí wọ́n pín dísíìkì sí) wà níbẹ̀ bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Mo ṣí èyí kékeré FAT32 tó ṣáájú, fódà EFI/ubuntu wà nínú ẹ̀ (Mint kì í kọ orúkọ ara ẹ̀ síbẹ̀, "ubuntu" ló ń kọ, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú), shimx64.efi àti grubx64.efi, àwọn fáìlì tí UEFI fi ń gbé Linux dìde, wà níbẹ̀. Kò sí ohun tó sọnù. SSD ò ṣe nǹkan kan, Linux ò ṣe nǹkan kan. BIOS ló ń gba ọ̀nà Legacy lọ sílé ẹni tó ń gbé lọ́nà UEFI.

Mo padà sí F2. Boot Mode: Legacy. Mo mọ̀ dájú pé mo tẹ F10 lọ́sàn-án yìí, àbúrò mi wà níbẹ̀. Ojú mi wá gòkè sí igun sikirini. System Date: 01/01/2012.

Mo pariwo pe bàbá. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ sọ fún mi lọ́jọ́ Friday nípa déètì yẹn?"

Bátìrì kékeré ni. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù irú èyí, bátìrì roboto kan wà lórí bọ́ọ̀dù, CR2032 ni wọ́n ń pè é, 3V, òun ló ń mú aago rìn tó sì ń rántí ohun tẹ́ ẹ yàn nínú BIOS nígbà tí kò síná. Tó bá kú, tí bátìrì ńlá náà sì ti kú, bí iná bá ti lọ báyìí, BIOS máa gbàgbé gbogbo nǹkan, á padà sí bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilé iṣẹ́, ìyẹn January 1, 2012, àti Legacy. Nígbà tí mo ń tún un bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta yẹn, iná wà lára ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ bàbá pé Windows kì í ṣe báyìí náà wá yé mi. Legacy ni ẹni tó fi Windows sí i lo láyé ìgbà yẹn, torí náà bí BIOS bá gbàgbé tó padà sí Legacy, ilé náà ló padà sí. Déètì nìkan ló ń bà jẹ́. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí bátìrì yẹn ti kú, kò sì sí ẹni tó fura.

Ohun kan tún wà tó bò ó mọ́lẹ̀ fún mi: inú Linux, mi ò rí 2012 rárá. Tí systemd bá jí tó rí i pé aago ti lọ sẹ́yìn jìnnà, á tì í síwájú dé ọjọ́ tó mọ̀ gbẹ̀yìn, tí íntánẹ́ẹ̀tì bá sì ti dé, á tún un ṣe pátápátá. Ó dáa fún ẹni tó ń lò ó, àmọ́ ẹni tó ń wá àìsàn ò ní rí i níbẹ̀, àfi nínú BIOS.

MONDAY

Mo tú u. Abẹ́ RAM ni bátìrì ọ̀hún wà, wọ́n fi rọ́bà dúdú wé e, wáyà pupa àti dúdú jáde lára ẹ̀ lọ sí ẹnu pulọ́ọ̀gì kékeré kan. Mo fi mítà wọ̀n ọ́n: 0.9V.

Mo gba Ọjà Ọba lọ. Àwọn tó ń tún aago ọwọ́ ṣe ní CR2032 lọ́pọ̀, àmọ́ ìhòòhò ni, kò ní wáyà. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n mú un wá kí òun jó wáyà àtijọ́ mọ́ ọn. Mo ní rárá o ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé irin jíjó lé bátìrì irú eléyìí lórí, ooru ẹ̀ lè mú kó bẹ́ síni lójú. Èyí tó ti ní wáyà láti ilé iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe lọ́nà Ọba Adésidà ló ní ọ̀kan lára bọ́ọ̀dù tó ti kú, a wọ̀n ọ́n níwájú ara wa, 3.0V, ẹnu pulọ́ọ̀gì ẹ̀ bá tèmi mu, mo rí i dájú pé pupa àti dúdú ò pààrọ̀ ipò, mo sanwó mo ń lọ. Wọ́n tiẹ̀ sọ fún mi pé ó pọ̀ nínú àwọn tó ń gbé láptọ́ọ̀pù "tí kò rí hard disk mọ́" wá bá wọn tó jẹ́ pé bátìrì yìí náà ni, táwọn kan sì ti ra dísíìkì tuntun kí wọ́n tó dé.

Mo fi sí i, mo ṣe déètì, mo yan UEFI, F10. Mo yọ ṣajá kúrò lára ògiri, mo gbé e sórí tábìlì fún wákàtí mẹ́rin. Mo tàn án. Ó wọlé. Efibootmgr, òfin tó ń fi ohun tí UEFI máa kọ́kọ́ gbé dìde hàn, náà fi "ubuntu" hàn gẹ́gẹ́ bí ẹni àkọ́kọ́.

Ẹnìkan lè ní kí ló dé tí mi ò kàn fi Linux sí i ní Legacy, kí n gbàgbé bátìrì. Ó ṣeé ṣe, SSD 240GB ò ní wàhálà kankan pẹ̀lú Legacy, àti pé tí mo bá wà lábúlé tí mi ò rí bátìrì rà, ohun tí màá ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n bàbá mi ń kọ déètì sí owó àwọn èèyàn. Aago tó ń purọ́ ò dáa fún wọn, ẹni tó ti san lè dà bí ẹni tí kò tíì san.

Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ mo ní kí n ṣe update, ó ń lọ dáadáa, ó dé orí kernel tuntun, iná lọ. Kò sí bátìrì ńlá, jẹnẹrétọ̀ ò sí lórí. Iná dé, mo tàn án:

Kernel panic - not syncing: VFS: Unable to mount root fs on unknown-block(0,0)

Àbúrò mi gbá orí mú. Ṣùgbọ́n ara tèmi ti balẹ̀, torí mo ti mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. BIOS ti kọjá, GRUB ti kọjá, kernel ló ń ké pé òun ò rí dísíìkì ṣí, ẹ̀rí pé kernel tuntun ti délẹ̀ ṣùgbọ́n iná ò jẹ́ kí initrd tiẹ̀ parí. Kernel àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Mo tún un tàn, mo tẹ Esc lẹ́ẹ̀kan péré bí orúkọ ilé iṣẹ́ ṣe ń kúrò lójú sikirini (Shift ni tí ẹ bá wà ní Legacy; tẹ́ ẹ bá tẹ Esc léraléra ẹ máa bá ara yín ní "grub>", ẹ kọ normal síbẹ̀), GRUB yọjú, Advanced options, mo mú kernel tó wà nísàlẹ̀. Ó wọlé. Mo tẹ méjì yìí:

sudo dpkg --configure -a
sudo update-grub

Èyí àkọ́kọ́ ló parí iṣẹ́ tí iná dá dúró, initrd tuntun wà lára ẹ̀; èkejì ló sọ fún GRUB. Mo tún un bẹ̀rẹ̀, kernel tuntun wọlé láìsí ariwo. Mi ò fi Linux sí i lẹ́ẹ̀kẹta.

BÓ ṢE WÀ BÁYÌÍ

Láti ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì títí dé ibi pásíwọ́ọ̀dù, kò tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Wi-Fi, àwòrán, ìró, gbogbo wọn ló dáhùn fúnra wọn. LibreOffice ṣí ìwé kòkó bàbá, àfi fọ́ńtì kan tó yí padà. Ohun tí inú bàbá dùn sí jù ni kíbọ́ọ̀dù: lábẹ́ Nigeria nínú àkójọ ẹ̀, Yoruba wà níbẹ̀, kò sóhun tá a fà láti íntánẹ́ẹ̀tì. Tíṣà ni wọ́n, ó ti pẹ́ tí "Ondo" àti "oko" tí kò lámì ti ń dùn wọ́n. Wọ́n jókòó, wọ́n ń tún orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ oko kọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ àti ọ, wọn ò tiẹ̀ dáhùn nígbà tí mo pè wọ́n wá jẹun.

Ohun tó kù: mo ṣì ń wá bátìrì ńlá tó dáa. Títí màá fi rí i, mo ti pa update tó ń dá ara ẹ̀ ṣe, mo sì ti bẹ bàbá pé kí wọ́n má tẹ èyíkéyìí àfi tí mo bá wà nílé tí jẹnẹrétọ̀ sì wà lórí. Mo fi bírò kọ "CR2032" àti déètì Monday yẹn sórí bébà kékeré, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ láptọ́ọ̀pù náà, kí ẹni tó bá tún máa tú u lọ́jọ́ mìíràn mọ ibi tó ti máa kọ́kọ́ wò.